Gíláàsì Fọ́, Ojú Fọ́: Bí A Ṣe Lè Ṣírò Ewu Fèrèsé Wa Nígbà Tí Nǹkan Bá Bú Gbàmù

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa sọ nìyí, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ti yọ àwàdà tó pọ̀ jù kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, alága àti gbogbo ìgbìmọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Fèrèsé 14 ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Mo kà wọ́n kí ẹ tó dé. Àga tó wà lábẹ́ wọn ló kọ́kọ́ kún, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé ló wà láàárín yìí, tó ń fi ìwé ìpè fẹ́ ara rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dìde o. Mo kàn fẹ́ ká mọ ibi tí kálukú jókòó sí ni, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Gbogbo wa la rántí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Aago méje ti lé dáadáa, ó ń lọ sí aago mẹ́jọ. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ní Sáńgò nígbà tí ilé mì. Ọmọ mi ní tiransifọ́mà ni. Aládùúgbò wa kígbe láti òdìkejì pé tánkà epo ló ṣubú. Ìyàwó mi ní ààrá ni, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ló ń fẹ́, òjò wo ni yóò mú ààrá wá nínú oṣù kìíní? Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé nǹkan kan ló bú gbàmù ní Bódìjà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ lẹ́yìn náà pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wà ládùúgbò náà. Ẹni 2 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó kú, iye náà sì di 5 nígbà tó yá. Ẹni 77 ló fara pa nínú ìṣirò àkọ́kọ́.

Àwọn ilé tó wó lulẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bú, fèrèsé kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn tó wà lókèèrè ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ògiri wọn kò là, tí páànù wọn kò ṣí, tí kò sí ohun kankan tó bàjẹ́ nílé wọn àfi gíláàsì. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń pọ̀ jù nígbàkígbà tí nǹkan bá bú láàárín ìlú. Àwọn náà ló máa ń sọ pé, “A dúpẹ́, gíláàsì lásán ni.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, màmá kan tí mo mọ̀ dáadáa ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ilé òun, nítorí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe. Nígbà tí ariwo náà dún, ìdí ààrò ni màmá wà, wọ́n ń ro àmàlà. Wọ́n mú mi wọ yàrá. Gíláàsì ńlá kan ló wà lókè orí ibùsùn wọn, ìyẹn fèrèsé sáláìdì tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn. Àfọ́kù kan tó gùn tó ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu dúró sínú ìrọ̀rí, ó wọ inú fóòmù dé ìdajì. Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ẹ bá mi pe àwọn alúmíníọ́ọ̀mù.”

Mo pè wọ́n. Èmi fúnra mi ló wọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo sọ pé kí wọ́n fi gíláàsì 4 mm síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí owó. Ní ọjọ́ kẹta, fèrèsé ti tún ń dán. A ti gbọn ibùsùn, a ti pààrọ̀ ìrọ̀rí, màmá sì sùn sí ibi tí wọ́n ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ó tó dé bá mi lọ́kàn lóru ọjọ́ kan pé mo kàn dá ọ̀bẹ náà padà sókè orí wọn ni. Mo ti ṣírò iye owó gíláàsì, mi ò ṣírò ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nígbà tí nǹkan bá bú gbàmù, èéfín gbígbóná rẹ̀ a fẹ̀ lójijì, a ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ìyẹn náà a ti èyí tó wà níwájú rẹ̀, títí tí ìtì náà yóò fi di bí ògiri tí a kò rí tó ń rìn bọ̀. Bí ó bá ti jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, eré tí ohùn ń sá náà ló ń sá, nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró dè é rárá. Ẹni tó bá mọ mànàmáná àti ààrá mọ èyí. Mànàmáná a kọ yẹ̀rì, o ka ení, èjì, ẹ̀ta, ààrá sán: ó wà ní kìlómítà kan sí ọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìbúgbàmù rí. Ẹni tó wà ní kìlómítà 2 yóò rí iná, yóò sì ní ìṣẹ́jú àáyá 6 kí ìtì náà tó kan fèrèsé rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 6 tó kí ènìyàn sáré kúrò. Ó sì tó kí ó sáré lọ síbi fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwa wo la mọ̀ tí kì í sáré lọ wò ó?

Báwo ni ìtì náà ṣe lágbára tó? Kilopascal ni àwọn onímọ̀ ń fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì ni màá lò, nítorí gbogbo wa la ti gbé e tàbí sanwó fún ẹni tó gbé e. Àpò kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Kilopascal kan dà bí ìgbà tí a tẹ́ gíláàsì sílẹ̀, tí mítà kan ni òró àti ìbú rẹ̀, tí a wá to àpò sìmẹ́ǹtì 2 lé e lórí. Ní nǹkan bí àpò 2 yìí ni gíláàsì ilé lásán ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Èyí tó bá tóbi gan-an lè fọ́ kí ó tó débẹ̀. Tó bá fi máa di àpò 7 sí 14, ọ̀pọ̀ jù lọ fèrèsé inú ìlú ti lọ, férémù òmíràn á sì bá a lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin nínú a máa dúró títí di nǹkan bí àpò 28 sí 42. Ìlù etí ènìyàn ńkọ́? Nǹkan bí àpò 70 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ẹ rò ó wò. Ara wa lágbára ju ògiri ilé wa lọ bí ó bá jẹ́ ti ìtì afẹ́fẹ́ nìkan, ògiri sì lágbára ju gíláàsì lọ jìnnàjìnnà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ìbúgbàmù kò ti lè ṣe ènìyàn ní nǹkankan, ó ṣì lè rán fèrèsé sí i.

Sìmẹ́ǹtì ń dúró síbi tí a bá tò ó sí. Ìtì yìí kì í dúró. Ó dé, ó sì ti lọ kí ojú tó ṣẹ́. Bó bá ti ń lọ, ó a tún fa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Gíláàsì tó ti sán nígbà tí a tì í lè já síta nígbà tí a fà á. Ẹ ó rántí pé àfọ́kù wà lójú títì ní ọjọ́ náà, tí àwọn kan sì ń jiyàn pé inú ilé yẹn gan-an ni nǹkan ti bú. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé, nítorí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ohun abúgbàmù kìlógíráàmù 125 bá lè ti fèrèsé kan dé ìwọ̀n kan ní mítà 100, a rò pé kìlógíráàmù 250 yóò ṣe irú rẹ̀ ní mítà 200. Rárá o. Ó di kìlógíráàmù 1,000. Kí jíjìnnà ewu tó di ìlọ́po 2, ohun tó bú gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 8. Ìròyìn ayọ̀ ni lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ yí i po: bí ẹnì kan bá dín ohun tó kó pamọ́ sí àdúgbò kù dé ìdajì, tó ní òun ti gbọ́ ìkìlọ̀, ibi tí ewu náà ń dé kò dín kù ju díẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń dé, ká kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kíkó o kúrò láàárín ilé ló ń gba ènìyàn là.

Fèrèsé tó kọjú sí ibi tí nǹkan ti bú ń gbà tó ìlọ́po 2 ohun tí ti ẹ̀gbẹ́ ilé ń gbà, nítorí ìtì náà kọlu ògiri, ó sì pọ̀ sí i níbẹ̀ kí ó tó pẹ̀yìn dà. Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Lálẹ́ ọyẹ́, ilẹ̀ a máa tètè tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ a tutù ju ti òkè lọ, ohùn tí ì bá sì gbéra lọ sójú ọ̀run á tẹ̀ padà sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ gbohùngbohùn ìsọjí àdúgbò kejì ketekete lóru, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé yín ni, tí ẹ kì í sì í gbọ́ ọ lọ́sàn-án, ohun tó fà á nìyẹn. Ó lè gbé ìtì ìbúgbàmù dé ibi tí kò yẹ kó dé bákan náà.

Ẹnì kan bi mí ní Bódìjà pé kí ló dé tí fèrèsé òun fọ́, tí ti aládùúgbò òun, tí alúmíníọ́ọ̀mù kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà, kò sì fọ́. Aládùúgbò náà ti ṣe ìdúpẹ́ ní sọ́ọ̀ṣì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì kò dà bí irin. Ìlà kéékèèké tí ojú kò rí pọ̀ lára rẹ̀, pàápàá létí ibi tí wọ́n ti gé e, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sán. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Griffith, ló ṣàlàyé èyí ní 1921. A lè gé gíláàsì 10 nínú pátákó kan ṣoṣo, kí àpò 2 fọ́ ọ̀kan, kí òmíràn sì ru àpò 6. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣírò ewu kì í sọ pé èyí ni yóò fọ́. Ohun tó ń sọ ni pé, nínú 1,000 irú wọn, mélòó ni yóò fọ́? Ẹni tí tirẹ̀ kò fọ́ lánàá kò gba ìwé ẹ̀rí pé kò ní fọ́ lọ́la.

Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé bí gíláàsì bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dínkù, bí ó bá sì ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń lágbára. Ẹ wá wo ohun tí a ti fi ilé wa dá. Àwọn ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́, fèrèsé pákó ni. Ìtì dé, pákó ṣí gbà, ó tán. Lẹ́yìn náà lúfà dé, gíláàsì pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò léra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kéré, bí a bá sì ṣí i, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé etí méjèèjì nìkan la fi há a, ó sì lè yọ bọ́ lódidi bí ọ̀bẹ. Ní báyìí, sáláìdì la ń fẹ́, gíláàsì kan ṣoṣo láti ìbàdí dé òkè orí, nítorí ó rẹwà lójú títì. A yọ lúfà nílé tí bàbá wa kọ́, a ní ó ti di ti ayé àtijọ́. Mi ò sọ pé ẹ padà sí lúfà. Mo kàn ń sọ pé kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohun tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sókèèrè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1917, ọkọ̀ ojú omi méjì forí gbárí ní Halifax, ní Kánádà. Ọ̀kan nínú wọn, Mont-Blanc, kó ohun abúgbàmù ogun. Ó gbiná. Ó jó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ó tó bú. Òwúrọ̀ ni, àwọn ènìyàn dúró sẹ́yìn gíláàsì nílé, níbi iṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń wo iná tó ń jó lórí omi. Ó lé ní 1,700 ènìyàn tó kú, nǹkan bí 9,000 ló fara pa. Àwọn tí ojú wọn fara gbá níbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn oníṣègùn ń yọ ojú lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ènìyàn 41 sì ni ojú wọn fọ́ pátápátá. Ojú lọba ara, àwọn tó fi ọba náà ṣèran wò ló pàdánù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì, ṣé ẹ ti kíyè sí i? Gíláàsì fọ́. Ojú fọ́. Àfọ́kù wà nílẹ̀, afọ́jú wà lórí àga. Mi ò rò pé àwọn baba wa ń ronú nípa fèrèsé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní Halifax, ìkan ló bí èkejì.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2013, òkúta kan láti ojú sánmọ̀ bú lókè ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn ju oòrùn lọ, kò sì sí ariwo kankan. Nítorí pé ó jìnnà sókè, ó ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ìtì náà tó dé ìlú. Kí ni àwọn ènìyàn fi àkókò yẹn ṣe? Wọ́n lọ síbi fèrèsé. Nǹkan bí 1,500 ló wá ìtọ́jú, gíláàsì ló ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọ 44 nínú kíláàsì. Ó rí ìmọ́lẹ̀ náà, kò mọ ohun tó jẹ́, ó kàn ní kí gbogbo wọn wọ abẹ́ tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ibẹ̀. Gíláàsì gé e lápá, kò sì kan ìkankan nínú àwọn ọmọ náà. Àwọn olùkọ́ tó wà níbí, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ má wò ó. Ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi apá bo ojú.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá fẹ́ dán fèrèsé wò, wọn kì í béèrè bóyá ó fọ́ nìkan. Wọ́n á fi í sí ojú yàrá kan tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní mítà 3 sí fèrèsé. Wọ́n á bú ohun tí wọ́n fẹ́ bú níta. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọlé lọ wo ibi tí àfọ́kù wà. Bí ó bá wà nílẹ̀ láàárín mítà kan sí fèrèsé, ewu kékeré ni. Bí ó bá lọ jìnnà sí i lórí ilẹ̀, ó ti ń le. Bí ó bá lọ gún ògiri ẹ̀yìn, wọ́n á wo bóyá ó ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí ibẹ̀ lọ sókè ni ara ẹni tó bá jókòó wà, àti ọrùn rẹ̀, àti ojú rẹ̀. Èyí tó bá gún òkè yẹn ni wọ́n ń pè ní ewu ńlá.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìdánwò yìí ni pé yàrá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gíláàsì. Gíláàsì kan náà lórí àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí, kò tó ohun tí a ń pariwo lé. Gbé e sókè orí ibùsùn ọmọ, ó di nǹkan mìíràn. Ẹ padà sílé lónìí, ẹ má wo fèrèsé yín. Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ ń sùn, kí ẹ wo òkè.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí màmá yẹn ti sọ ọ́ fún mi. Mo padà lọ bá wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé ibùsùn lọ sí ògiri kejì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Iná wo ló wà tí màá fi tan fáànù níbẹ̀?” Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn, iná tí kò sí ló gbé ibùsùn sábẹ́ fèrèsé. Ooru ló ń yan ibi tí a ń sùn sí, kì í ṣe ìfẹ́ inú wa. Ẹni tó bá wá láti ìlú tí iná kì í ti lọ, tó ní ká kàn gbé ibùsùn kúrò, kò tíì sun àárín oṣù kẹta níbí rí.

Nítorí náà, ohun tí a ṣe ni pé a yí ibùsùn padà, ẹsẹ̀ màmá ló kọjú sí fèrèsé báyìí. A rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí ó lọ sábẹ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé. A fi kọ́tìnnì tó wúwo kọ́ ọ, èyí tó gùn dé ilẹ̀ tó sì fẹ̀ ju fèrèsé lọ, nítorí aṣọ tó nípọn lè gba àfọ́kù mú kí ó tó dé ara. Ní oru, wọ́n ń ṣí apá kan gíláàsì, wọ́n ń fa kọ́tìnnì bo apá tó tì. Kò pé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn kò sí lókè orí wọn mọ́.

Ẹni tó bá lówó díẹ̀ sí i lè yí gíláàsì fúnra rẹ̀ padà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú tó wà, ẹ wo mọ́tò Micra tó gbé yín wá síbí. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ti lè sán bí òwú aláǹtakùn láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, awakọ̀ ń wò láti àárín ìsán náà. Gíláàsì méjì ni wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ pọ̀. Ó ń sán, kì í tú. Ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ńkọ́? Bí òkúta bá bà á, ó a dà sílẹ̀ wàà bí àgbàdo tí a ṣẹ́ sínú abọ́. Wọ́n ti fi iná yan án, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ ẹ lójijì, ó fi bí ìlọ́po 4 lágbára ju gíláàsì lásán lọ, bó bá sì fọ́, hóró ló ń fọ́ sí. Ti ilé wa kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. A ń fi ohun tó dára jù sínú mọ́tò tí a ń gùn fún ìdajì wákàtí, a wá ń sùn sábẹ́ èyí tó burú jù.

Ọ̀ràn kan wà nínú gíláàsì onírọ́bà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí férémù kò bá gbá a mú dáadáa, kò ní tú, ṣùgbọ́n yóò fò wọlé lódidi bí ilẹ̀kùn. Ní ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ilé nítorí ìbúgbàmù, wọ́n máa ń jẹ́ kí etí gíláàsì wọ inú férémù tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ tàbí 3. Ẹ wọn tiyín. Nínú èyí tí mo ti wọ̀n, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà kan kò pọ̀.

Rọ́bà títẹ́jú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì tó ti wà nílẹ̀ náà dára, bí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má rà èyí dúdú tí wọ́n fi ń bo mọ́tò, kò nípọn tó. Irin ààbò olè kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfọ́kù. Àárín rẹ̀ ni yóò gbà wọlé. Ẹ kàn rí i pé ẹ lè ṣí i láti inú bí ẹ bá ní láti sá jáde.

Nígbà tí mo parí, alága ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá kan tó ń gbé lọ́nà Mọ́níyà dìde. Ó ní ibi ìfọ́kúta kan wà nítòsí òun, pé lójoojúmọ́ tí wọ́n bá yin òkúta ni fèrèsé òun ń gbọ̀n rìrì, ṣé ó ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ ni? Mo sọ fún wọn pé gbígbọ̀n yàtọ̀ sí fífọ́. Ìwọ̀n kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 134 tí a fi ń wọn ariwo, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá kilopascal lọ, ìdá kan nínú márùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì kan lórí gíláàsì tí mítà kan ni òró àti ìbú rẹ̀. Yóò mi gíláàsì, yóò dẹ́rù bani, yóò jẹ́ kí ajá gbó. Bí gíláàsì bá fọ́ lójú iṣẹ́ wọn, ó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n yìn ti pọ̀ jù, tàbí pé gíláàsì náà ti há jù nínú férémù tẹ́lẹ̀. Kí bàbá kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó má kàn fẹnu sọ ọ́.

Ìyá kan béèrè bóyá òun lè fi sélótéèpù kọ àgbélébùú sójú gíláàsì bí òun ti rí i nínú fíìmù ogun. Mo ní ó sàn díẹ̀ ju kí a máà ṣe nǹkankan lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Àfọ́kù yóò kàn wá ní ìdì ńláńlá ni. Ọmọkùnrin kan ní ṣé kí òun gbé kọ́ńpútà òun kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní kí ó yí àga náà padà kó má kọjú sí i, kí ẹ̀yìn àga rẹ̀ ga.

Alága wá wò yíká gbọ̀ngàn náà, ó ní, “Ẹnjiníà, àwa tí a jókòó síbí ńkọ́?” Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo rí i pé àwọn ìyá méjì tó wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbẹ́ òsì ti rọra ń fa àga wọn bọ̀ wá sáàárín, ọ̀kan nínú wọn sì ti na ọwọ́ sí ẹni tó ní ìwé ìpè pé kó yá òun kí òun fẹ́ ara.